Ta Ló Ka Ẹ̀jẹ̀ Tiwa Mọ́ Ọn?

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni màmá mi máa ń jí. Kí wọ́n tó bu omi àlùwàlá, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á na ọwọ́ òsì sí mi. A ti jọ mọ ìka tó kàn: ìka àárín lónìí, ìka òrùka lọ́la. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni mo máa ń gún. N kì í gún orí rẹ̀, torí orí ìka ni wọ́n fi ń ka owó, òun náà ni wọ́n fi ń fọwọ́ ra èlùbọ́ wò ní ọjà Bódìjà kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó kúnná dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ á yọ, bíńtín, kò ju orí ìṣáná lọ. Sítíríìpù á fà á mu. Ẹ̀rọ á ka márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ení, nọ́ḿbà á sì jáde: iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, torí àtọ̀gbẹ tó wà lára wọn. Màá kọ ọ́ sínú ìwé jọ́tà tí a fi okùn so mọ́ ìṣó lára ògiri, pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, 164 ló jáde. Mo ní, "Màmá, ó ti kọjá o. Dókítà ní kó má ju 130 lọ kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu." Wọn ò bínú. Wọ́n fi òwú nu ìka náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló ní kó má ju 130 lọ? Ṣé onítọ̀hún mọ̀ mí rí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí ìbéèrè yẹn ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí, òun ni mo sì ń gbìyànjú láti dáhùn níbí.

Onítọ̀hún kò mọ màmá mi rí. Láyé ọjọ́un, àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Àwọn kan ní bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ojú kò ní fọ́, kíndìnrín kò sì ní bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní kádàrá aláìsàn náà ni, bó gba ìtọ́jú, bí kò gbà á. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Láti 1983, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà kó ènìyàn 1,441 jọ, gbogbo wọn ló ní irú àtọ̀gbẹ kìíní, èyí tí ara kì í fi í ṣe insulin mọ́, èròjà tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n tọ́jú apá kan bí wọ́n ti ń ṣe é látẹ̀yìnwá, wọ́n sì dìídì fa ṣúgà apá kejì wálẹ̀ títí tó fi súnmọ́ ti ẹni tára rẹ̀ dá. Nígbà tó fi máa di 1993, ọ̀rọ̀ ti yanjú: ojú, kíndìnrín àti iṣan ìmọ̀lára àwọn apá kejì yè ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì. Àwọn ará Ìlú Ọba ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 1977 lórí irú kejì, èyí tó wà lára màmá mi. Ènìyàn 5,102 ni wọ́n kó jọ, ogún ọdún ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí èsì jáde ní 1998, a rí i pé títẹ ṣúgà wálẹ̀ ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín ìbàjẹ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kù, pàápàá ti ojú àti kíndìnrín. Ibẹ̀ náà ló ti hàn gbangba pé alátọ̀gbẹ tó ń ṣọ́ ṣúgà, tí kò ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe.

Inú irú iṣẹ́ báwọ̀nyí ni nọ́ḿbà tó wà lẹ́nu dókítà wa ti jáde. Mo jókòó ti màmá mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn: àwọn èèyàn tí a kò mọ̀ rí, tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gún àwọn ní ìka lọ́dọọdún, kí ẹlòmíràn lè ríran lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọlọ́hun á san wọ́n lẹ́san." Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ní, "Àwọn dúdú wà níbẹ̀?"

Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Nínú ti Ìlú Ọba, àwọn dúdú tó ti Kàríbíánì wá kò pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Amẹ́ríkà àti Kánádà tún kéré jùyẹn lọ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè ka ìwé kankan lórí àtọ̀gbẹ láìwá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ta ni wọ́n fi ṣe ìwádìí.

Ìbéèrè mìíràn wà tí màmá mi kò fẹnu bi mí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ti bá a, nínú ìgò omi: àgbo. Obìnrin kan ló ń gbé e kiri ọjà, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìtọ̀ ṣúgà á di ìtàn. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà fún wọn, ti wà nínú páálí láìfọwọ́ kàn. Wọ́n ní ewé ni Ọlọ́hun fi jíǹkí wa, kẹ́míkà ni ti òyìnbó.

N kò bá wọn jà. Mo sọ ìtàn ewé kan fún wọn. Ní Yúróòpù, ewéko kan wà tó ń jẹ́ galega, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń lò fún oríṣiríṣi àìsàn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ májèlé wà lára ohun náà. Àwọn onímọ̀ ṣe oríṣiríṣi ìbátan rẹ̀ ní yàrá ìwádìí. Ọ̀kan nínú wọn ni metformin, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e tì, kò sẹ́ni tó bìkítà fún un. Dókítà Jean Sterne ní Paris ló padà fún àwọn aláìsàn lò, tó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1957. Pẹ̀lú bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, 1994 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ ewé ni oògùn tí màmá mi pa tì nítorí ewé.

Ọ̀tọ̀ ni kí ewé lágbára, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tó ya metformin sọ́tọ̀ kúrò lára àgbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni pé ẹnìkan jókòó kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí wọ́n lò, ẹni tó ṣe lóore, ẹni tó dà nínú rú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Èmi kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé ilẹ̀ wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò fún wọn ní irú ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún galega, ọ̀wọ̀ pé kí á yẹ̀ wọ́n wò, kí á kọ èyí tó dára àti èyí tó lè pani sílẹ̀. Màmá mi da ìgò náà nù fúnra wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà kò bi wọ́n.

Tèmi bá tún fẹ́ sọ ti insulin, ilẹ̀ á ṣú. Kí n kàn sọ pé ní oṣù kìíní 1922, ní Toronto, wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, tó ti gbẹ bí igi. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò jẹ́. Wọ́n padà lọ sọ oògùn náà di mímọ́ sí i, wọ́n tún gún un lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, ọmọ náà dìde. Frederick Banting, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó wá a rí, kò kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì padà ta ẹ̀tọ́ náà fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kọ̀ọ̀kan. Dọ́là kan! Mo máa ń rántí rẹ̀ ní ilé oògùn nígbà tí mo bá rí ẹni tó ń ṣírò owó lọ́wọ́, tó ń béèrè bóyá wọ́n lè ta ìdajì fún òun.

Ìwé oúnjẹ ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí a kọ́kọ́ lọ ló fún wa. Lábẹ́ "ẹ máa jẹ", wọ́n kọ ọkà oat, broccoli, àti èso apple. Lábẹ́ "ẹ má jẹ", wọ́n kọ àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, iyán. Wọ́n gbé e fún obìnrin tó ti ń ta èlùbọ́ láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó fi owó èlùbọ́ rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín tà fáráyé, májèlé ni. Wọ́n ká ìwé náà wẹ́wẹ́, wọ́n fi há ìdí ìró. Fún oṣù méjì gbáko, ọkà wheat ni wọ́n ń rò jẹ, òkìtì ńlá, nítorí ẹnìkan sọ fún wọn pé èyíun kì í gbé ṣúgà sókè. Irọ́ gbáà ni. Ó ń gbé e sókè bíi tàwọn yòókù.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ nípa oúnjẹ kò sí. Ní 1981, ní Toronto kan náà, David Jenkins àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n jáde tí a fi ń mọ bí oúnjẹ kan ti ń yára gbé ṣúgà sókè sí: wọ́n á fún ènìyàn ní ìwọ̀n oúnjẹ tó ní 50 gíráàmù èròjà afúnnilókun (carbohydrate) nínú, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún wákàtí méjì. Búrẹ́dì wà nínú ìwé wọn, ànàmọ́ àti ìrẹsì wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wa níbí ṣe ti àwọn oúnjẹ ilẹ̀ wa, èsì wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, kò sì yà mí lẹ́nu. Màmá mi á sọ fún yín pé èlùbọ́ kì í ṣe ọ̀kan: irú iṣu tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe bọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe rò ó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí i padà.

Ilé ìwòsàn kejì la ti pàdé onímọ̀ oúnjẹ tó fi wá lọ́kàn balẹ̀. Kò mú ìwé kankan jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ fọwọ́ ṣàpèjúwe bí àmàlà tí ẹ ń jẹ ṣe tóbi tó." Màmá mi fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di ọwọ́ màmá mi kan ní ẹ̀ṣẹ́, ó ní, "Èyí ni kó mọ, ma. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣáájú, kí ẹ tó bu òkèlè." Nígbà tí a délé, a dán an wò. Ọjọ́ kìíní, àmàlà bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú: lẹ́yìn wákàtí méjì, 231. Ọjọ́ kejì, èyí tó mọ bí ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀fọ́ ṣọkọ rẹpẹtẹ, ẹja ṣáájú: 172. Mo mọ̀ pé ènìyàn kan nínú ilé kan kì í ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n màmá mi gba jọ́tà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo nọ́ḿbà méjèèjì pẹ́, wọ́n sì ní kí n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìkejì.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, torí pé àwa gan-an ló dá lé. Àwọn oníwádìí láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é, pẹ̀lú àwọn ti Amẹ́ríkà, Kàríbíánì àti Ìlú Ọba, ó sì jáde ní 1997. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò ní ibi tí wọ́n ti ń gbé. Ní Nàìjíríà, ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní irú àtọ̀gbẹ kejì. Ní Kàríbíánì, mẹ́sàn-án. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, mọ́kànlá. Ìran kan náà tí òwò ẹrú tú ká. Bí ara ṣe ń sanra sí i láti èbúté kan dé èkejì ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kó àwọn ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní 2018, ti Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òkun. Èbúté ló wá bá wa nílé.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àtidá a dúró wà. Ní ìlú Da Qing ní Ṣáínà, láti 1986, wọ́n fi àwọn ènìyàn 577 tí àtọ̀gbẹ ti ń kan ilẹ̀kùn wọn hàn pé oúnjẹ àti rírìn lè lé e sẹ́yìn. Finland ṣe é, Amẹ́ríkà náà ṣe é fún 3,234 ènìyàn: àwọn tó dín ara kù díẹ̀, tí wọ́n sì ń rìn ní 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe é lọ, ó sì ju ohun tí metformin ṣe lọ. Ní Íńdíà, ìdá 28 péré ni. Ti Íńdíà yìí ni mo máa ń rò jù, torí ó kọ́ mi pé ohun tó ṣiṣẹ́ níbì kan lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, kó má sì ṣiṣẹ́ dọ́gba.

Ẹni tó ní kí á máa rìn, kó wá wo ọ̀nà Mọ́kọ́lá sí Sángo pẹ̀lú mi. Níbo ni ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ gbà? Micra ní ọ̀tún, ọ̀kadà ní òsì, gọ́tà níwájú. Ìjọba fi náírà mẹ́wàá lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan ní 2022, mo sì gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n títí dòní n kò tíì rí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ládùúgbò wa. Inú ọjà ni màmá mi ti ń rìn tiwọn. Wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé kí àwọn oníbàárà tó dé, wọ́n á kí ìyálọ́jà dé ìyálọ́jà, wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò mi ọkùnrin ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè màmá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn lásán. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, bí ẹ̀jẹ̀ pupa sì ti ń lò tó bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lára, àyẹ̀wò náà ń sọ bí ṣúgà ti rí fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Bó bá dé 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àtọ̀gbẹ ni. Àbúrò mi ṣe é níbì kan, 6.3 ló jáde, wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó kàn ṣọ́ra. Nígbà tó tẹ̀ lé màmá lọ sí kílíníìkì, dókítà wa wo ìwé náà, ó ní, "Kí ni jẹ́nótáìpù yín?" AS ni. Dókítà ní kó wá ní òwúrọ̀ láìjẹun, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 129 ni àkọ́kọ́, 133 ni ìkejì. 126 ni ààlà. Ó ti wà lára rẹ̀.

Ní 2017, ìwádìí kan jáde lórí 4,620 aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Bí ṣúgà ẹni méjì bá dọ́gba, tí ọ̀kan jẹ́ AS, HbA1c ti AS máa ń fi bí 0.3 kéré sí ti ẹnìkejì. Ó kéré lójú. Àmọ́ ẹni tó dúró sí 6.3, 0.3 náà ni ilẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹnìkan nínú mẹ́tàlá àwọn dúdú ló jẹ́ AS. Ní Nàìjíríà, ó súnmọ́ ẹnìkan nínú mẹ́rin. Àyẹ̀wò náà wúlò, n kò ní kẹ́nikẹ́ni kọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa béèrè jẹ́nótáìpù wa kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé.

A kò sì jókòó lásán látilẹ̀. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ̀wé jáde lórí aláìsàn àtọ̀gbẹ 832, ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn wọn, Charles Rotimi àti Adebowale Adeyemo, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ jọ ní Ìbàdàn, Èkó, Ẹnúgu, Accra àti Kumasi, wọ́n sì mú Kẹ́ńyà mọ́ ọn. Ní 2019, nínú ènìyàn 5,231, wọ́n rí apá kan nínú ohun àjogúnbá wa, ZRANB3, tó ní ọwọ́ nínú àtọ̀gbẹ, tí àwọn ìwádìí ńláńlá tí wọ́n ti ṣe lára àwọn òyìnbó kò fi hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n pa á kú lára ẹja kékeré kan ní yàrá ìwádìí, àwọn ohun tíntìntín tó ń ṣe insulin dín kù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka èyí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì ní kílíníìkì, ó kúnlẹ̀, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí, bóyá màmá á fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ojú màmá mi yí padà. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà nípa ẹ̀jẹ̀ títà. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ní 1996, ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn kan láti òkèèrè dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé tó ní àrùn yírùnyírùn, àwọn òbí wọn ló sì padà wí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn.

Ọmọbìnrin náà kò kánjú. Ó ka ìwé náà fún wọn ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀, ó ní wọ́n lè sọ pé rárá, ìtọ́jú wọn kò ní yí padà. Màmá mi gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ta lẹ máa sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ma."

"Báwo lẹ ṣe máa rí mi?"

Ó ń wá ibi tí wọ́n máa kọ fóònù sí nínú ìwé rẹ̀. Màmá mi kò dúró. Wọ́n yọ ìwé jọ́tà jáde nínú báàgì, wọ́n ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ náà, níbi tí mo kọ 127 sí láàárọ̀. "Ìwọ ni kóo kọ tìẹ síbí, ọmọ mi. Èmi ni mo máa pè ọ́."

Ó kọ ọ́. Màmá mi kà á padà fún un, nọ́ḿbà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì sí i, wọ́n ní ìka òrùka ló kàn lónìí. Ọmọbìnrin náà ní apá làwọn ti máa fà á. Màmá mi ká ọwọ́ bùbá wọn sókè.